Bí Oníwàásù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Ṣe Ń Fi Ẹsẹ Bíbélì Sọ̀rọ̀ Lórí Òkú

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin òǹwòran wa. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 1558, wọ́n sin Mary, ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sí Westminster Abbey ní London. John White, bíṣọ́ọ̀bù Winchester, tí òun àti olóògbé jọ di ẹ̀sìn Kátólíìkì mú ṣinṣin, ni ó wàásù. Elizabeth, àbúrò olóògbé, ti gorí ìtẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń fura pé yóò dá ìjọ padà sí ọ̀nà Pùròtẹ́sítáǹtì. Bíṣọ́ọ̀bù náà kò bú u. Ó ṣí ìwé Oníwàásù orí 4, níbi tí ẹni tó kọ ọ́ ti ní òun yin òkú ju alààyè lọ, ó sì tún mú ọ̀rọ̀ kan wá láti orí 9 ìwé kan náà, pé ààyè ajá sàn ju òkú kìnnìún lọ. Ta ni kìnnìún, ta sì ni ajá? Ó lè ní àlàyé tirẹ̀ fún òwe náà, ṣùgbọ́n etí àwọn tó gbọ́ ọ ti gbé e lọ sí ibòmíràn: Mary ni òkú kìnnìún, Elizabeth ni ààyè ajá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pàṣẹ pé kí ó má ṣe jáde nílé rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ nítorí pé ó fi iṣẹ́ tí àyọkà Bíbélì ń ṣe nínú ìwàásù ìsìnkú ìgbà náà hàn kedere: ẹsẹ ni oníwàásù fi ń sọ ohun tí kò rọrùn fún un láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, ì báà jẹ́ ìyìn, ì báà jẹ́ ìbáwí.

Kí ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ya kúrò lọ́dọ̀ póòpù, gbígbàdúrà fún òkú ni iṣẹ́ pàtàkì níbi ìsìnkú, nítorí wọ́n gbà pé àdúrà àti Máàsì lè dín ìyà ọkàn kù ní pọ́gátórì, ibi tí wọ́n ní a ti ń wẹ ọkàn òkú mọ́ kí ó tó dé ọ̀run. Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kú ti kọjá ibi tí àdúrà ọmọ aráyé lè dé. Ta ni a wá ń wàásù fún nígbà náà? Thomas Cartwright, Pùròtẹ́sítáǹtì tó fẹ́ kí ìjọ tún ara rẹ̀ ṣe sí i, nínú àríyànjiyàn òun àti John Whitgift, tó ń gbèjà ìlànà ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní àwọn ọdún 1570, tako ìwàásù ìsìnkú, nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sì gbé ìlànà ìsìn tuntun jáde ní 1645, ó pàṣẹ pé kí wọ́n máa sin òkú láìsí ààtò ẹ̀sìn kankan. Àwọn tó ń gbèjà ìwàásù wá ẹ̀rí lọ sínú Ìwé Mímọ́ kan náà. Dáfídì kọ orin arò fún Sọ́ọ̀lù àti Jónátánì. Nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 9, àwọn opó dúró ti òkú Dọ́káàsì, wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń fi ẹ̀wù tó rán han Pétérù. Bí àwọn opó wọ̀nyẹn bá lè gbé ẹ̀wù jáde, kí ló dé tí oníwàásù kò fi ní gbé ìwà rere olóògbé jáde?

Síbẹ̀, wọn kì í dédé bẹ̀rẹ̀ sí í yin òkú. Oníwàásù á kọ́kọ́ ka ẹsẹ rẹ̀, á tú u palẹ̀, á yọ ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ jáde, á fi ẹsẹ mìíràn láti ibi gbogbo nínú Bíbélì ti ẹ̀kọ́ náà lẹ́yìn, á sì sọ bí ó ṣe kan àwọn tó jókòó. Ìgbẹ̀yìn ni ìtàn olóògbé sábà máa ń wọlé. Nínú àwọn ìwàásù tí wọ́n tẹ̀ jáde, etí ìwé a máa kún fún orí àti ẹsẹ, ṣùgbọ́n àwọn olùgbọ́ ti ń gbọ́ Sáàmù nínú ìwé àdúrà ìjọ títí ó fi wọ̀ wọ́n lára, ààbọ̀ ẹsẹ sì ti tó fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìsìnkú ọba James, tí wọ́n ṣe ní Westminster Abbey ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún 1625. John Williams, bíṣọ́ọ̀bù Lincoln, mú ẹsẹ rẹ̀ láti 1 Àwọn Ọba orí 11, níbi tí ìtàn Sólómọ́nì ti parí, ó sì to Sólómọ́nì àti James sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọmọ kan ṣoṣo lójú ìyá rẹ̀ ni Sólómọ́nì. Bẹ́ẹ̀ náà ni James. Sólómọ́nì pe ara rẹ̀ ní ọmọ kékeré nígbà tó jọba. Ọmọ oṣù mẹ́tàlá ni James. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi Sólómọ́nì jẹ ọba, gẹ́gẹ́ bí ìwé Kíróníkà ti wí. James náà dé adé ní Scotland, ó tún dé e ní England. Sólómọ́nì kọ òwe, ó kọ orin. James náà kọ ìwé, ó kọ ewì. Kódà, bíṣọ́ọ̀bù rí ẹsẹ fún àwọ̀ ara ọba nínú Orin Sólómọ́nì, pé ó funfun, ó sì pọ́n. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni àfiwé náà ti di àsọdùn.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé láti ẹsẹ 41 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ kíkà. Òkè orí kan náà ni a ti kà nípa 700 aya àti 300 àlè tó yí ọkàn Sólómọ́nì padà sí òrìṣà, ìsàlẹ̀ ẹsẹ 43 sì ni a ti kà pé Rèhóbóámù ọmọ rẹ̀ jọba ní ipò rẹ̀, ẹni tí ìjọba náà pín sí méjì mọ́ lọ́wọ́. Charles, ọmọ James tó jọba ní ipò rẹ̀, ni olórí ọ̀fọ̀ lọ́jọ́ náà. Àyọkà dà bí aṣọ tí a gé lára ìgàn: ẹni tó bá mọ ìgàn yóò mọ ibi tí wọ́n ti gé e.

Kì í ṣe ọba nìkan ni ẹsẹ ń gbèjà. Katherine Brettergh kú ní Lancashire ní 1601, ọmọ ọdún 22. Iyèméjì bò ó mọ́lẹ̀ lórí ibùsùn ikú kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀, àwọn Kátólíìkì àdúgbò sì ń sọ ọ́ kiri pé ó kú láìnírètí. William Harrison tó wàásù níbi ìsìnkú rẹ̀ mú Aísáyà orí 57 ẹsẹ 1: olódodo ń ṣègbé, kò sì sí ẹni tó kà á sí. Gbólóhùn kan ṣoṣo yìí ti pe obìnrin náà ní olódodo, ó sì ti ka àwọn tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa mọ́ àwọn tí wòlíì ti bá wí tipẹ́. Nínú ìtàn ikú rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ pẹ̀lú ìwàásù náà, Bíbélì ni òun fúnra rẹ̀ ń fi dáhùn, títí kan ọ̀rọ̀ Aísáyà orí 40, pé ogun òun ti parí, a sì ti dárí àìṣedéédéé òun jì.

Nígbà mìíràn, ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà nínú Bíbélì kì í ṣe ẹni tí a lè retí. Jeremy Taylor, nígbà tó ń wàásù ìsìnkú ìyàwó ìjòyè Carbery ní 1650, mú 2 Sámúẹ́lì orí 14 ẹsẹ 14, pé a ó sáà kú, a ó sì dà bí omi tí a tú sílẹ̀ tí a kò lè kójọ mọ́. Obìnrin ará Tékóà ló sọ ọ́, ẹni tí Jóábù ní kí ó wọ aṣọ ọ̀fọ̀ kí ó sì díbọ́n bí ẹni tí òkú ṣẹ̀.

John Donne, olórí àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì ńlá St Paul's ní London, yí gbogbo ètò yìí padà. Ní oṣù Kejì 1631, ó wàásù níwájú ọba Charles ní ààfin Whitehall lórí Sáàmù 68 ẹsẹ 20, pé lọ́wọ́ Olúwa ni àbáyọ kúrò lọ́wọ́ ikú wà. Kò sí òkú kankan nílẹ̀, àfi pé àìsàn ti jẹ oníwàásù fúnra rẹ̀ tán. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta. Nígbà tí ìwàásù náà jáde ní 1632, wọ́n kọ ọ́ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ pé àwọn ará ilé ọba ń pè é ní ìwàásù ìsìnkú tí Donne ṣe fún ara rẹ̀. Síbẹ̀, ní ìparí rẹ̀, níbi tí àwọn mìíràn ti máa ń mú ìtàn olóògbé wọlé, ìtàn ọjọ́ ìkẹyìn Jésù ni Donne fi síbẹ̀, láti alẹ́ oúnjẹ ìkẹyìn títí dé orí àgbélébùú, bí àwọn ìwé Ìhìn Rere ṣe sọ ọ́.