Ó Ń Rù, Àmọ́ Ikùn Rẹ̀ Ń Tóbi

Ẹ kú ìjókòó o. Ká ní ìyá kan ń ta àdìrẹ ní Ọjà Ọba níbí l'Óṣogbo. Láti bí oṣù mélòó kan, òwú ló fi ń wé òrùka ọwọ́ rẹ̀ kó má baà jábọ́. Àwọn ọmọ gbé e gun òṣùwọ̀n, kílò rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀, ọkàn wọn sì balẹ̀. Kò yẹ kó balẹ̀. Jẹjẹrẹ wà lẹ́dọ̀ ìyá yìí, omi ti ń gbára jọ sí ikùn rẹ̀. Omi yẹn ló wúwo lórí òṣùwọ̀n. Ẹran ara rẹ̀ ń lọ.

Jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun a máa dínà mọ́ oúnjẹ. Ti àpòlúkù, òkèlè mẹ́ta péré, aláìsàn á ní òun ti yó. Yàtọ̀ sí èyí, àìsàn náà fúnra rẹ̀ ń mú kí ara máa jẹ iṣan ara rẹ̀, ìyẹn ẹran ara tó ń fún wa lókun, bí aláìsàn tilẹ̀ ń jẹun. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ tí ẹ̀ ń dá ara yín lẹ́bi gbọ́ ibẹ̀ yẹn dáadáa. Kì í ṣe pé ẹ ò tọ́jú ìyá yín.

Báwo la ṣe máa mọ̀? Ẹ kọ́kọ́ wá ìwọ̀n àtijọ́, ó lè wà nínú káàdì ilé ìwòsàn. Ẹni tó wọn 80 kílò ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, 4 kílò ni ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá ti dín ju bẹ́ẹ̀ lọ láìjẹ́ pé ó fẹ́ fọn, tí jẹjẹrẹ sì wà níbẹ̀, àìjẹunrekánú ni GLIM, ìlànà tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ káàkiri àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2019, pè é. Ẹni tó sanra náà wà nínú rẹ̀ o, torí ọ̀rá lè bo iṣan tó ti joro mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fojú wò ó, ẹ fọwọ́ kàn án. Ṣé ẹ̀bátí rẹ̀ ti jìn wọnú? Ẹran tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e ńkọ́? Ẹ tẹ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀: bí ojú ibẹ̀ bá jìn tí kò tètè padà, omi wà níbẹ̀, ẹ má gba kílò yẹn gbọ́.

Bí òyì ò bá ń kọ́ ọ, ẹ jẹ́ kó jókòó sórí àga, kó ká ọwọ́ láyà, kó dìde kó sì jókòó lẹ́ẹ̀marùn-ún. Kí ẹnì kan dúró tì í. Tó bá ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ, agbára iṣan ti ń dín kù. Nílé ìwòsàn, ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń fún mọ́wọ́: ọkùnrin tí agbára ìfúnmọ́wọ́ rẹ̀ kò tó 27 kílò, obìnrin tí tirẹ̀ kò tó 16, okun rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Àwòrán CT, ìyẹn àwòrán inú ara tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà láti wo jẹjẹrẹ náà, lè fi iye iṣan hàn, níbi egungun ẹ̀yìn ìsàlẹ̀, ìkẹta. Ẹ ti sanwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ bi dókítà léèrè.

Kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ṣe gbogbo èyí, torí oògùn jẹjẹrẹ a máa ni ẹni tí iṣan rẹ̀ ti tán lára jù. Ní ilé ìwòsàn UNIOSUN tàbí ibòmíràn, ẹ ní kí wọ́n pe onímọ̀ oúnjẹ fún yín. Ẹni tó wọn 60 kílò nílò purotéènì, èròjà inú oúnjẹ tó ń kọ́ iṣan, bíi gíráàmù 72 sí 90 lójúmọ́, ẹyin kan ò sì ju nǹkan bíi 6 lọ. Ẹ̀kọ mímu nìkan ò lè gbé e. Mọ́ínmọ́ín rírọ̀ tó ní ẹyin àti ẹja, díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́, ìyẹn á wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ìyá tó jẹun, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà, ẹ kọ bí ẹsẹ̀ ṣe rí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kàlẹ́ńdà yẹn ni kí ẹ gbé lọ bá dókítà.