Ẹni Tó Dúró Létí Omi

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ṣé a jí dáadáa? Olúwa tó dá wa sí mọ́jú, tirẹ̀ ni ọpẹ́. Òjò fi gbogbo òru rọ̀ ní Bàríga níbí, bí mo sì ṣe ń kọ èyí, ó ṣì ń dún lórí páànù. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti dúró sójú fèrèsé, tó ń wo àdúgbò bóyá ọ̀nà ṣeé gbà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, èmi àti màmá mi ń bọ̀ láti ibi ìdúpẹ́ òkú ní abúlé kan lápá Ẹ̀pẹ́. Ìkòròdú la fẹ́ gbà wálé. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ láago méjì ọ̀sán, kò sì dá títí a fi gbéra. Ẹni tó bá mọ irú ọ̀nà abúlé yẹn á mọ ohun tí mò ń sọ: oko gbágùúdá lọ́tùn-ún, àbàtà lósì, kò sí gọ́tà, kò sí iná. Nígbà tó yá, a dé ibi tí omi ti bo gbogbo ojú ọ̀nà, omi pupa, tí ewé àti ẹ̀ka igi ń léfòó lórí rẹ̀. A ò mọ ibi tí títì parí sí, a ò sì mọ ibi tí kòtò ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan dúró létí omi náà. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó mú ọ̀pá ọparun lọ́wọ́. Ó ti fi wọn ibẹ̀. Ó wá gbé ọ̀pá náà síwájú mi kí n lè rí i. Ibi tí ẹrẹ̀ dé lára rẹ̀ ga ju orúnkún òun fúnra rẹ̀ lọ. Ó ní, "Dádì, ẹ má tíì wọ̀ ọ́ o. Ẹ jẹ́ kó fà díẹ̀."

Inú bí mi. Iṣẹ́ ọjọ́ Ajé ni mò ń rò. Mo ti fẹ́ tẹná nígbà tí màmá mi sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn: "A kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò, ọmọ mi. Pa mọ́tò." Mo pa á.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Corolla kan yà kọjá lára wa, ó wọ inú omi lọ, ó sì yọ lódìkejì láìsí wàhálà kankan. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ó dùn mí. Wákàtí kan àtààbọ̀ la fi dúró lábẹ́ àtíbàbà àwọn tó ń yan gààrí. Òjò ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Obìnrin kan gbé àpótí fún màmá mi, ó fi ìró tirẹ̀ bò wọ́n léjìká, ó bu gààrí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú agbada sí wọn lọ́wọ́. Nígbà tí omi fà, tí ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ koríko ti hàn, a wọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́. Ọmọkùnrin yẹn ń lọ níwájú wa, ó ń fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀ wò.

Ẹ̀yin ará, pé Corolla yẹn yọ kò sọ ọmọkùnrin náà di onírọ́. N ò mọ ohun tí Ọlọ́run yọ wá nínú rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí n má mọ̀ ọ́n láéláé. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdáǹdè ṣe rí. Èèyàn ò lè jẹ́rìí rẹ̀ níwájú ìjọ, nítorí kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ rántí Pọ́ọ̀lù nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27. Òun tó jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n nínú ọkọ̀ òkun ló kìlọ̀ pé kí wọ́n má tíì ṣíkọ̀. Ọ̀rọ̀ atukọ̀ àti ọlọ́kọ̀ ni balógun ọ̀rún gbọ́. Afẹ́fẹ́ gúúsù fẹ́ jẹ́jẹ́, wọ́n rò pé ó ti bọ́ sí i. Ẹ̀yìn náà ni ìjì dé. Olúwa kó gbogbo ẹ̀mí 276 yọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ fọ́, ẹrù ṣòfò. Àánú ọjọ́ ìjì la máa ń ròyìn. Àánú kan ti ṣáájú rẹ̀ wá, ẹnu ẹlẹ́wọ̀n ló gbà jáde, wọn ò kà á sí.

Ẹni tó wà l'Ékòó lọ́jọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011 mọ ohun tí òjò ọjọ́ kan lè ṣe. Omi tó jìn tó 30 sẹ̀ǹtímítà péré lè gbé ọkọ̀ kékeré kúrò nílẹ̀; bó bá tó ìlọ́po méjì, tó sì ń ṣàn, á gbé jíìpù. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú sínú omi, ẹ má tún ṣíná sí i, kó má lọ fa omi sínú. Bí ẹ bá yọ, ẹ rọra máa tẹ bíréèkì kó lè gbẹ. Ẹni tó sì ń gbàdúrà kí omi má wọlé òun, tó tún ń ju ọ̀rá píọ́wọ́tà sí gọ́tà, àdúrà ara rẹ̀ ló ń bá jà.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Baba, a dúpẹ́ fún ewu tí a kò rí, tí o ti mú kúrò lọ́nà wa.

Olúwa, bí ìkánjú bá ti di etí mi, là á. Má jẹ́ kí n fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹni tí o rán láti dá mi dúró, ì báà jẹ́ ọmọdé, ì báà má wọ bàtà.

A gbé àwọn ará wa ní Ìṣẹrì, Owódé-Onírin àti Ajégúnlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú lé ọ lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n bá tú omi dáàmù Ọ̀yán, tí Odò Ògùn bá kún, má jẹ́ kó bá wọn lójú oorun.

Ṣọ́ àwọn awakọ̀ dánfó àti kọ̀ńdọ́ wọn, àwọn ọlọ́kadà, àwọn ìyá tó ń lọ sí Mile 12 lóru, àti àwọn ọmọ tó ń fo gọ́tà lọ sílé ìwé. Kí ilẹ̀ má ṣe yà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀.

Àti ọmọkùnrin tó mú ọ̀pá ọparun yẹn, Baba. Ìkánjú ò jẹ́ kí n béèrè orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ mọ̀ ọ́n. Ibi yòówù tó bá ń lọ láàárọ̀ yìí, bí omi bá wà lọ́nà, jẹ́ kí ẹnì kan ti dúró létí rẹ̀ de òun náà. Lórúkọ Jésù. Àmín.