Ta Ni Yóò Sọ Fún Un Pé Ara Rẹ̀ Ń Rùn?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, nínú ọ́fíìsì kan l'Ékòó. Wọ́n ti pa gbogbo fèrèsé dé nítorí ẹ́síì. Bùrọ̀dá kan wọlé, ó kí tilé-toko, ó jókòó. Kò tíì pé ìṣẹ́jú méjì tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi ọwọ́ bo imú bí ẹni tó ń ronú. Ẹlòmíì dìde, ó ní òun ń lọ mu omi. Gbogbo ọ́fíìsì ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àfi ẹni tọ́rọ̀ kàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó nírú ọ́fíìsì yẹn rí, mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín.

Kí ló dé tí òun fúnra rẹ̀ ò fi mọ̀? Òórùn téèyàn bá ń gbọ́ ṣáá, imú kì í kà á sí mọ́. Ẹ wọ ilé ẹni tó ń yan ẹja, òórùn ẹja á kọ́kọ́ gbá yín nímú. Onílé ò gbọ́ nǹkan kan láti àárọ̀.

Òógùn gan-an kì í sábà rùn bó ṣe ń jáde. Èyí tó ń jáde káàkiri ara, omi àti iyọ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀, ó kàn ń mú ara tutù ni. Ti abíyá yàtọ̀: ó ki, ó ní ọ̀rá nínú, ìgbà tí ọmọ bá ń bàlágà ló sì ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn bakitéríà tó ń gbé lára awọ ló ń jẹ ẹ́, ohun tí wọ́n bá yọ sílẹ̀ ló ń rùn. Ìyẹn ni ọmọ ọdún márùn-ún ṣe lè gbá bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí abíyá rẹ̀ ò ní rùn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Kòríà náà, abíyá wọn kì í rùn, àjogúnbá ni. Kì í ṣe pé wọ́n mọ̀ ọ́n wẹ̀ jù wá lọ.

Ẹ wá wo aṣọ. Lásìkò òjò, ẹni tó fọ ṣẹ́ẹ̀tì lálẹ́, tí kò síná, tí aṣọ ò gbẹ, á lọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní tútù. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé abíyá ṣẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ti fọ̀. Bí òórùn àná bá gbéra níbẹ̀, aṣọ lẹ̀bi, kì í ṣe ara. Àìsàn kan sì wà tó ń mú ara rùn bí ẹja, bí onítọ̀hún tiẹ̀ wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Nítorí náà, ẹ má tètè pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀bùn.

Ibi tó le jù ni bá a ṣe máa sọ ọ́. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ẹnì kan gbé ọṣẹ àti róòlù-ọ̀ọ̀nù sínú ọ̀rá, ó fi sórí tábìlì ọmọbìnrin kan, kò kọ orúkọ síbẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn gbé ọ̀rá náà láti tábìlì dé tábìlì: "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló gbàgbé ẹrù síbi tèmi?" Kò sẹ́ni tó lè wojú rẹ̀. Ìgbà tó yé e, ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó tì í mọ́rí. Mo wà níbẹ̀, mo sì dákẹ́.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó sọ ọ́, ẹni tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Kí obìnrin sọ fún obìnrin. Bó bá jẹ́ àgbà ni, ẹ wá ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ò lè lọ bá bàbá ẹni ọgọ́ta pé "ẹ ń rùn". Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ló dáa jù lójú tèmi, kó lè gbé ìtìjú rẹ̀ lọ sílé, kó má fi jókòó láàárín yín di aago márùn-ún.

"Bùrọ̀dá, ẹ má bínú sí mi o. Ọjọ́ mélòó kan yìí, mo ń gbọ́ òórùn òógùn lára yín. Bóyá aṣọ ni, mi ò mọ̀. Mo ní kí n sọ ọ́ fún yín fúnra mi." Ó tán. Ẹ panu mọ́, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ẹ ò gbọ́dọ̀ sọ pé "gbogbo wa la ti ń sọ ọ́" láéláé. Ìyẹn ló ń pani.

Bó bá béèrè ohun tí òun lè ṣe, ẹ sọ fún un pé kó fi kànìnkànìn fọ abíyá dáadáa, kó nù ún gbẹ, kó fi róòlù-ọ̀ọ̀nù tó ń dí òógùn pa á lálẹ́ kó tó sùn, torí òógùn kì í pọ̀ lóru. Álọ́ọ̀mù tí wọ́n ń tà lọ́jà, èyí tí wọ́n fi ń mú omi tòrò, náà ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tó bá fín lọ́fíńdà lé òórùn lórí, òórùn méjì ló ní. Bí gbogbo rẹ̀ ò bá ràn án, dókítà ló kù.

Bó bá di ọjọ́ Ajé, ẹ jókòó síbi tẹ́ ẹ ń jókòó sí. Bó bá ti ta sánsán, ẹ má yìn ín o. Ẹ ní kó yá yín ní bírò.