Aláìníṣẹ́ àti Ọ̀lẹ: Ojú Tí Ìlú Ọba Fi Ń Wo Ẹni Tó Ń Gba Bẹ́nífíìtì

Ẹ kú ìjókòó o. Aláìníṣẹ́ ń wá iṣẹ́, kò rí. Ọ̀lẹ rí iṣẹ́, ó sá fún un. Èdè wa ti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bẹ́nífíìtì, ìyẹn owó ìrànwọ́ ìjọba, bá ti délẹ̀ ní Ìlú Ọba, àwọn òyìnbó á pò wọ́n pọ̀, àwa náà tí a ń gbé láàárín wọn á sì bá wọn pò ó. Orí àdàpọ̀ yẹn ni wọ́n kọ́ òfin lé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013, TUC, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀, gbé èsì ìwádìí kan jáde. Wọ́n bi ará ìlú pé nínú gbogbo owó ìrànwọ́ ìjọba, mélòó ló ń lọ sọ́dọ̀ aláìníṣẹ́? Ìdáhùn wọn, ní ìpíndọ́gba, jẹ́ 41 nínú 100. Òótọ́ ibẹ̀ jẹ́ 3. Wọ́n tún ní 27 nínú 100 ni àwọn oníjìbìtì ń gbà. Ìṣirò ìjọba fúnra rẹ̀ kò tó 1. Owó ìfẹ̀yìntì àwọn àgbàlagbà ló ń kó èyí tó pọ̀ jù lọ, kò sì sẹ́ni tó ń pe àgbàlagbà ní ọ̀lẹ.

Ojú yìí ti pẹ́. Èrò tó wà nídìí Òfin Àwọn Aláìní ti 1834 ni pé ayé ẹni tó ń jẹ owó ìlú gbọ́dọ̀ burú ju ti òṣìṣẹ́ tó tálákà jù lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà fẹ́ ẹ. Ní October 2012, George Osborne, mínísítà ètò ìṣúná, sọ níwájú ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ nípa òṣìṣẹ́ tó jáde nílé ní ìdájí, tó wo fèrèsé aládùúgbò rẹ̀ tó ṣì ń sùn lórí bẹ́nífíìtì. Ọdún yẹn náà ni Welfare Reform Act, tó tún ètò owó ìrànwọ́ tò, di òfin, òun ló sì bí Universal Credit, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Ashton-under-Lyne ní April 2013.

Oríṣi owó ìrànwọ́ mẹ́fà ni Universal Credit kó pọ̀ sójú kan; lára wọn ni ti aláìníṣẹ́, ti aláìsàn, ti ọmọ, ti owó ilé, àti ti ẹni tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kò tó jẹun. Ní 2023, ó ju ẹnì kan nínú mẹ́ta àwọn tó ń gbà á lọ tó ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó ń sùn lẹ́yìn fèrèsé yẹn lè jẹ́ ẹni tó tọ́jú arúgbó mọ́jú ní ilé ìtọ́jú. Àwọn èèyàn wa mélòó ló ń ṣe irú iṣẹ́ alẹ́ yẹn?

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí bàtà ti ń ta èèyàn lẹ́sẹ̀. Láti ọjọ́ tí èèyàn bá ti béèrè, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni kó tó rí owó: wọ́n á fi oṣù kan wo owó tó wọlé fún un, wọ́n á fi ọ̀sẹ̀ kan ṣètò sísan. Wọ́n lè yá a lówó kó fi dúró, ṣùgbọ́n láti orí owó àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń yọ ọ́ padà. Gbèsè ló fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bó bá wá rí iṣẹ́, pẹ́ńsì 55 ni wọ́n ń yọ nínú pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tó bá mú wálé. 63 ni tẹ́lẹ̀, títí di November 2021. Àwọn tó bímọ àti àwọn tí àìsàn dí lọ́wọ́ iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń fi díẹ̀ sílẹ̀ fún kí yíyọ náà tó bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ owó oṣù náà ní wàhálà tirẹ̀. Bí ọjọ́ yẹn bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀, tí ilé iṣẹ́ sì sanwó ṣáájú, owó oṣù méjì lè wọ inú oṣù ìṣirò kan ṣoṣo. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ máa ń ka ẹni náà sí olówó, wọ́n á sì gé owó rẹ̀. Àwọn ìyá mẹ́rin tó ń dá tọ́mọ gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sílé ẹjọ́, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì dá wọn láre ní June 2020.

Ìjìyà tí wọ́n ń pè ní sanction ló wúwo jù. Ẹni tó bá kọ iṣẹ́ tí wọ́n fún un láìnídìí pàtàkì lè pàdánù owó ọjọ́ 91. Lẹ́ẹ̀kejì láàárín ọdún kan, 182. Fún ẹni tó dá wà, tó ti pé ọmọ ọdún 25, £400.14 ni owó oṣù kan láti April 2025 títí di April 2026, nítorí náà ọjọ́ 91 súnmọ́ £1,200 nígbà náà. Síbẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ń jẹ níyà nítorí pé wọ́n kọ iṣẹ́. Ìpàdé ní Jobcentre, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti bẹ́nífíìtì, tí èèyàn kò lọ ló ń fa èyí tó pọ̀ jù lọ. Ìjìyà ìpàdé kò ní òpin títí tí èèyàn á fi yọjú, ọjọ́ méje á sì tún lé e lẹ́yìn náà bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tó bínú jókòó sílé ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìjìyà náà gùn.

Bí ẹ kò bá lè lọ sí ìpàdé kan, ẹ kọ ọ́ sínú journal, ìwé ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ Universal Credit yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ béèrè ìpàdé mìíràn, ẹ so ẹ̀rí mọ́ ọn: lẹ́tà ọsibítù, tàbí ti ilé ìwé ọmọ. Ẹ má fi ẹnu lásán ṣàlàyé lórí fóònù. Bí wọ́n bá ti gé owó, ẹ tètè béèrè kí oṣù kan tó pé pé kí wọ́n tún ìpinnu náà wò; ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní mandatory reconsideration. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní oṣù kan láti lọ sí tribunal, ìgbìmọ̀ adájọ́ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ fún ẹjọ́ yẹn.