Ara Ló Ń Gbé Ìwé Rìn

[Àwòrán: ẹsẹ̀ kan tó wú, ojú ìbọ̀sẹ̀ hàn lára rẹ̀]

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ wo ẹsẹ̀ yìí dáadáa. Ẹsẹ̀ mi ni. Alẹ́ ọjọ́ tí mo ti Èkó dé Àkúrẹ́ ni mo ya fọ́tò rẹ̀. Ibi tí ìbọ̀sẹ̀ ti fún un jìn wọlé bí ojú okùn. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun, ihò kékeré kan sì dúró síbẹ̀ kó tó kún padà. Nínú báàgì mi lọ́jọ́ náà, ìwé mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Mo ti gbé wọn kiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, n kò sì tíì ka ọ̀kankan nínú wọn kọjá ojú ìwé 20.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ohun kan náà ló fa ẹsẹ̀ wíwú yẹn àti ìwé àìkà yẹn.

Iṣẹ́ mi ni pé mo máa ń kọ́ àwọn olùkọ́ bí wọ́n ṣe ń lo kọ̀ǹpútà nínú kíláàsì. Ọ̀sẹ̀ yìí lè bá mi ní Ìlọrin, kí èyí tó ń bọ̀ bá mi ní Òǹdó tàbí Abẹ́òkúta. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, mo kọ ọ́ sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá mi: ìwé 24 láàárín ọdún, àti ìtàn kékeré kan lóṣooṣù. Nígbà tí ọdún fi máa parí, ìwé 9 ni mo kà tán, ìtàn méjì péré ni mo kọ. Ẹni tó bá bi mí, mo máa ń sọ pé kò sí àkókò. Àmọ́ ẹ rò ó wò ná. Ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́fà, kí ló ní tó ju àkókò lọ? Okun ni ìrìn-àjò ń gbà lọ́wọ́ wa. Tí okun bá ti tán, wákàtí mẹ́wàá kò lè ka ojú ìwé kan.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní ti orí ìwé bẹ̀rẹ̀. Ara ni màá kọ́kọ́ sọ.

[Àwòrán: ẹni tó jókòó, tó ń gbé gìgísẹ̀ sókè sódò]

Ẹ fi ọwọ́ kan ẹran ẹ̀yìn ojúgun yín níbi tí ẹ jókòó sí yẹn. Ẹ wá gbé gìgísẹ̀ sókè, kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ wà nílẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé ó le? Ẹran yẹn ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ tó bá sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ ní láti gun òkè padà sọ́dọ̀ ọkàn, ẹran yìí ló sì ń bá wa tì í. Tí a bá ń rìn, ó ń ṣiṣẹ́. Tí a bá há sínú bọ́ọ̀sì, tí orúnkún wa kan ẹ̀yìn ìjókòó ẹni tó wà níwájú, iṣẹ́ dúró. Ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ á wú. Nígbà mìíràn, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan. Tí èyí tó dì bá já, tó bá lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa èèyàn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé èsì ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2007. Wọ́n ní ìrìn-àjò tó bá tó wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí èèyàn jókòó sójú kan, ń sọ ewu ẹ̀jẹ̀ dídì di ìlọ́po méjì. Ìbáà jẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, ìbáà jẹ́ bọ́ọ̀sì, ìjókòó náà ni. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já o: fún ẹni tí ara rẹ̀ dá, ó jẹ́ nǹkan bí ẹnì kan nínú 6,000. Àmọ́ ewu náà ga sí i fún aláboyún, fún ẹni tó ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, àti fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú, tó ń dun èèyàn, tó ń gbóná, tàbí tí èémí ṣàdédé ń kúrú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọrí sí lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi òróró pa á kẹ́ ẹ lọ sùn.

Omi ńkọ́? Àwa tí à ń rìn ojú ọ̀nà yìí ní ìwà kan tí kò dáa. A kì í mu omi, nítorí ibi tí a ó ti tọ̀ kò sí. Àwọn obìnrin ló mọ ohun tí mò ń sọ yìí jù. Mo ti rí ìyá kan tó fi ahọ́n tọ́ ètè lásán láti Ìbàdàn dé Èkó, tí ike omi rẹ̀ sì wà lórí itan rẹ̀. Ní ẹ̀yìn ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo kọ orúkọ àwọn ilé epo tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn ṣeé wọ̀ sílẹ̀, ìlú dé ìlú. N kò rò pé mo tíì kọ nǹkan tó wúlò tó èyí rí.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò gùn. Ní ọdún 2023 kan náà, apòògùn kan ní Ìlọrin yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi wò: 150 lórí 96, ó ti ga jù. Ó ní kí n lọ rí dókítà, mo lọ. Iyọ̀ ni dókítà kọ́kọ́ béèrè. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ kò gbọ́dọ̀ tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí ìpotíì kan. Núdù àti sọ́séèjì tí mò ń jẹ lójú ọ̀nà kì í jẹ́ kó mọ síbẹ̀. Bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà ni mò ń rà báyìí, àti ọsàn.

[Àwòrán: ojú fèrèsé ọkọ̀ ojú irin, igbó ń sá kọjá]

Ó wá kan ìwé. Kí ló dé tí òòyì fi ń kọ́ni tí a bá ń kàwé nínú mọ́tò? Nínú etí wa lọ́hùn-ún, omi kan wà níbẹ̀ tó ń sọ fún ọpọlọ pé ara ń mì, ara ń yí. Ojú tó tẹjú mọ́ ìwé sì ń sọ pé gbogbo nǹkan dúró. Ẹ̀rí méjèèjì tako ara wọn, inú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Kì í ṣe pé ẹ ya ọ̀lẹ. Ẹ dẹ́kun à ń fipá kàwé nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ fi etí gbọ́ ìwé níbẹ̀, kí ojú máa wo iwájú.

Ọkọ̀ ojú irin yàtọ̀. Oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ìjọba ṣí èyí tó ń ti Èkó lọ Ìbàdàn. Kìlómítà 157 ni, ó sì máa ń gbà tó wákàtí méjì ààbọ̀. Kò sí kòtò, kò sí bíréékì òjijì. Bí mo bá wọ̀ ọ́ ní Alágoméjì, mo máa ń ka tó ojú ìwé 30 kó tó dé ibùdókọ̀ Abẹ́òkúta, èyí tí wọ́n fi Wọlé Ṣóyínká sọ lórúkọ. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí orúkọ òǹkọ̀wé níbi tí mo ti ń fi ìka pa ojú ìwé mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìwé 24, ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé 240. Tí a bá pín in sórí ọjọ́ 365, kò tó ojú ìwé 16 lóòjọ́. Ojú ìwé kan ní ìṣẹ́jú méjì, ó ń lọ sí ìdajì wákàtí. Ìdajì wákàtí yẹn ni mo kọ sára ògiri báyìí, mo ti yọ 24 kúrò. Òwúrọ̀ ni mò ń kà á, kì í ṣe òru. Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí méje ó kéré tán, inú oorun ni ọpọlọ sì ti ń to ohun tí a kà jọ. Ẹni tó bá fi oorun rẹ̀ ra ojú ìwé, yóò tún un kà lọ́la.

[Àwòrán: odò ńlá, ọkọ̀ ojú omi àtijọ́]

Mo fẹ́ mú yín lọ sórí Odò Ọya díẹ̀. Ní 1841, ọkọ̀ mẹ́ta gbéra láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sórí odò náà. Àjàyí Crowther dara pọ̀ mọ́ wọn ní Sàró, ìyẹn Sierra Leone. Ibà dé sínú ọkọ̀, òyìnbó tó lé ní 40 sì kú. Wọ́n rò pé afẹ́fẹ́ ẹrọ̀fọ̀ ló ń fa ibà. Kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹ̀fọn ni. Ní 1854, Àjàyí tún bá dókítà kan tó ń jẹ́ Baikie lọ nínú ọkọ̀ Pleiad, wọ́n gba Odò Ọya dé inú Bẹ́núè. Lọ́tẹ̀ yìí, Baikie fún àwọn òyìnbó ní kuníìnì kí ibà tó dé. Kò sí ọ̀kan tó kú nínú wọn. Nínú ìrìn-àjò méjèèjì, Àjàyí kọ ohun tó rí sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde, ti àkọ́kọ́ ní 1842, ti ìkejì ní 1855. Bí mo bá rántí pé nínú ọkọ̀ tí ìdajì èèyàn ti ń gbọ̀n lórí ẹní lẹnì kan ti ń rẹ kálàmù sínú yíǹkì, orí mi máa ń wú. Ìlera ló jẹ́ kí ìwé ìrìn-àjò yẹn wà. (Ẹ má lọ ra kuníìnì o, a kì í fi dènà ibà mọ́ lónìí. Inú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni kí ẹ sùn sí.)

Èmi kò lè kọ̀wé nínú mọ́tò, bírò á máa sá lórí ìwé. Fóònù ni mò ń sọ ọ̀rọ̀ sí, gbólóhùn kan tàbí méjì, ohun kan ṣoṣo tí mo rí. Ọ̀kan rèé: “Ìyá oníṣu sísun ní Iléṣà ń fi ọ̀bẹ ha eérú ara iṣu, ó ń dún bí ẹni ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò ọbẹ̀.” Tí mo bá dé hòtẹ́ẹ̀lì, kí n tó ṣí WhatsApp, mo máa ń tún ohùn náà gbọ́, mo máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ ọ́ síwájú. Ìyá oníṣu yẹn di ìtàn ojú ìwé mẹ́rin.

Láàárọ̀ ọ̀la, Òǹdó ni mò ń lọ. Ìwé kan ló wà nínú báàgì, pẹ̀lú ike omi àti ìwé àkọsílẹ̀. Mo ti bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀: a ó dúró ní Orè fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, gbogbo wa ni yóò sì sọ̀ kalẹ̀ rìn.