«Ẹ Kú Ìnira, Dádì»

LÁŃRE: Ṣé ó ti ń gbohùn? Iná pupa ti tàn? Ó dáa. Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ará wa ní Houston, ní Peckham, ní Dublin, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ tí ojú ń ta yín bí ẹni rọ iyanrìn sí i. Ìkòròdú la wà lónìí o! Ilé màmá mi ní Ìgbógbó. Ariwo tí ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn yẹn, jẹnẹrétọ̀ ni, ẹ bá wa fara dà á.

BÍSÍ: Iléeṣẹ́ mànàmáná Ẹ̀gbìn ò sì jìnnà síbí o.

LÁŃRE: Má dá mi lẹ́nu lé e, Bísí. Megawatt 1,320! Ẹ̀rọ mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe 220. Wáyà ńláńlá yẹn ń gba orí wa kọjá lọ síbi tó ń lọ, èmi ń ra bẹntiróòlù láti fi gbohùn.

BÍSÍ: Ẹ̀yin lẹ wà létí odò tẹ́ ẹ ń fi itọ́ sanwọ́. Ó dáa. Ọ̀rọ̀ tòní ni ọkọ̀ tòkunbọ̀, pàápàá èyí tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti fọwọ́ ara ẹ̀ tún ṣe, bíi Mustang tí Bọ̀dá Láńre gbé wá láti Houston. Ẹ̀yin olùgbọ́ lẹ bi wá. Kí ló yẹ kéèyàn béèrè kó tó...

LÁŃRE: «Ẹ kú ìnira, Dádì.»

BÍSÍ: Ó ti bẹ̀rẹ̀.

LÁŃRE: Ọmọ yẹn wò mí lójú, Bísí. Marúwá ló ń wà! Marúwá tí wọ́n fi ọ̀rá dí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ó kọjá mi, ó tún dúró, ó yọrí síta, ó ní «Ẹ kú ìnira, Dádì.» Láti Sátidé ni mo ti ń jẹ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu. Ká ní ó bú mi ni, mo mọ bí wọ́n ṣe ń bú èèyàn padà, Ìkòròdú ni wọ́n ti kọ́ mi. Ká ní ó pariwo «Mustang!» bí àwọn ọmọ Sábó ṣe ń ṣe, ǹ bá juwọ́ sí i. Àánú mi ló ṣe é! Èmi, nínú ọkọ̀ tí agbára ẹ̀ jẹ́ ẹṣin 412 látọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

BÍSÍ: Èmi, «Dádì» yẹn ló pa mí lẹ́rìn-ín.

LÁŃRE: Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí!

BÍSÍ: Ẹ kúkú kú ìnira.

LÁŃRE: Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún wọn bó ṣe ṣẹlẹ̀. Òde la ń lọ ní Ìjẹ̀dẹ̀, ìnáwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Mo wọ òfì, mo dé fìlà, mo ní lónìí ni ọkọ̀ yìí máa wọ̀lú. A ò tíì rìn jìnnà sílé, bọ́ǹpù kan wà lójú títì níbẹ̀ tí àwọn ará àdúgbò fi sìmẹ́ǹtì mọ fúnra wọn. Ẹ má pè é ní bọ́ǹpù. Ibojì ni. Mo fẹ̀gbẹ́ gbà á, mo ń yọ́ lọ bí ẹni gbé ẹyin lórí. Táyà iwájú kọjá. Ikùn ọkọ̀ jókòó lé e. Gbàgà! Mo tẹ̀ ẹ́, táyà ẹ̀yìn ń yí, èéfín ń sọ, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Ariwo tó ń pa, o máa rò pé Abuja ló ń lọ.

BÍSÍ: Gbogbo ẹṣin ń sá lójú kan.

LÁŃRE: Ó ti lé ní ẹgbẹ̀ta ẹṣin báyìí pàápàá, torí supercharger, ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, wà lórí ẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́fà ló gbé e kúrò. Wọ́n gbé e bíi pósí, Bísí, wọ́n tún ń kọrin. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ni wọ́n gbà. Àsìkò tí wọ́n gbé e dání ni onímarúwá yẹn kọjá.

BÍSÍ: Ẹ ti sọ èyí tó máa jẹ́ kí wọ́n fẹ́ mọ̀. Ó ṣe rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Mustang tí mo máa ń rí, ó máa ń gun bọ́ǹpù.

LÁŃRE: Ọmọ tó tà á fún mi ní Houston ló fi spríìngì kúkúrú sí i. Ní ọ̀nà Texas, ó dà bí ejò lórí títì. O ò lè mú ojú kúrò lára ẹ̀.

BÍSÍ: Kí lẹ wá bi ọmọ náà kẹ́ ẹ tó sanwó?

LÁŃRE: Mo bi í bóyá ó lè dín in.

BÍSÍ: Bọ̀dá Láńre!

LÁŃRE: Ó dín in! Ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógún dọ́là ló pè é, mo san mẹ́tàdínlógún. Ó dáa, jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Mustang 2011 ni. Ọdún yẹn ni Ford gbé ẹ́ńjìnnì lítà márùn-ún padà, èyí tí wọ́n ń pè ní Coyote. Ẹ́ńjìnnì gidi ni. Àmọ́ tó o bá fẹ́ gbé supercharger lé e, géà kan wà nínú pọ́ǹpù ọ́ìlì ẹ̀ tó yẹ kó o kọ́kọ́ pààrọ̀, torí èyí tó bá a wá kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Tó bá fọ́, ọ́ìlì ò ní gòkè mọ́, ẹ́ńjìnnì máa gbẹ, ó parí. Èmi ò mọ ìyẹn nígbà tí mo rà á o. Ó ti wà nínú ọkọ̀ ojú omi kí n tó pe ọmọ náà pé ṣé ó pààrọ̀ géà yẹn. Ó ní «géà wo?»

BÍSÍ: Áà.

LÁŃRE: Mi ò sùn. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bi wá: ẹ gba rìsíìtì. Gbogbo ohun tó bá ní òun fi sí i, kó mú rìsíìtì wá. Ta ló dè é? Ta ló kọ́ kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì náà bí á ṣe máa mu epo? Kó kọ nọ́ńbà ẹni yẹn sílẹ̀. Tó bá ní òun fúnra òun ló ṣe é nínú gáréèjì, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ òun àti bíà, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ. Kẹ́ ẹ sì ní kí mẹkáníìkì tiyín wọn bí atẹ́gùn ṣe ń dúró sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Tí méje bá bára mu, tí ìkẹjọ wálẹ̀, ẹ má jẹ́ kó sọ ìtàn kankan fún yín.

BÍSÍ: Lọ́dọ̀ tiwa ní UK, ẹ gbọ́dọ̀ sọ gbogbo ẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò o. Kẹ́ ẹ kàn yí sálẹ́ńsà padà láì sọ, tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, wọ́n lè ní àwọn ò mọ̀ yín rí.

LÁŃRE: Ṣé wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀?

BÍSÍ: Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́! Ẹ dúró ná, èyí tí ò yé mi nìyí. Ọkọ̀ tó dára tó báyìí, kí ló dé tí ọmọ náà ń tà á?

LÁŃRE: ...Àyẹ̀wò èéfín.

BÍSÍ: Ẹ̀n-ẹ́n.

LÁŃRE: Ṣé o mọ̀ pé Harris County, níbi tí Houston wà, ń yẹ èéfín ọkọ̀ wò. Ọmọ náà ti yọ kátálíìsì méjèèjì tó ń fọ èéfín, ó sì ti bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ kí iná ẹ́ńjìnnì má tàn. Kò lè yege láéláé. Mo ní ìyẹn ò kàn mí, ilé ló ń lọ.

BÍSÍ: Kí n gbọ́ ọ dáadáa. Ohun tí Houston ní kò gbọ́dọ̀ wọ inú afẹ́fẹ́ àwọn, ẹ gbé e gorí òkun, ẹ wá fi í sí abẹ́ fèrèsé màmá yín.

LÁŃRE: Má sọ ọ́ báyẹn.

BÍSÍ: Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́?

LÁŃRE: Bísí, jẹnẹrétọ̀ mélòó ló ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò yìí báyìí? Ṣé Mustang tèmi nìkan ló máa pa wọ́n?

BÍSÍ: Mi ò sọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀. Àti ariwo yẹn náà. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ màmá yín sọ fún mi nílé ìdáná. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ gbé e dé, sálẹ́ńsà yẹn ń yìn tà-tà-tà, ìyá tó ń gbé lódìkejì kó àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìkòròdú nìyí o. Àwọn tó sun oorun ìdajì ní 2016, 2017, nígbà tí àwọn apààyàn Badoo ń wọlé pa èèyàn lóru, wọn ò tíì gbàgbé. Àwa ò sí nílé nígbà yẹn. Orí fóònù la ti ń gbọ́ ọ.

LÁŃRE: ...Òótọ́ ni. Àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò wá lálẹ́ yẹn. Mo tọrọ àforíjì. Mo lọ bá ìyá yẹn lọ́jọ́ kejì, mo gbé mílíìkì àti búrẹ́dì dání, ó dárí jì mí, ó sì ní kí n gbé òun lọ sí ọjà tí mo bá ráyè.

BÍSÍ: Ṣé ó lè wọlé síbẹ̀?

LÁŃRE: Kò lè wọlé síbẹ̀. Má jẹ́ ká sọ̀rọ̀ wíwọlé. Màmá mi yí i po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní «Láńre, ilẹ̀kùn méjì yòókù dà?» Mo ní bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, Mọ́mì. Wọ́n yíjú sí ìyá òdìkejì yẹn, wọ́n ní «Tó bá rówó sí i, á ra ìyókù.»

BÍSÍ: (ẹ̀rín) Ẹ jọ̀ọ́, inú ń dùn mí.

LÁŃRE: Mo padà pe ọkùnrin kan ní Texas, iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn, kó kọ fáìlì tuntun fún kọ̀ǹpútà ẹ̀. Ó dá tà-tà-tà yẹn dúró. Torí epo pàápàá ni mo ṣe pè é. Epo 93 ni ọmọ yẹn fi kọ́ ọ, nọ́ńbà tó ń sọ bí epo ṣe lè fara dà á tó kó tó gbiná fúnra ẹ̀. Lójú ọ̀nà Sábó, mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, mo gbọ́ kó-kó-kó, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn látinú ẹ́ńjìnnì. Epo ń gbiná kí àsìkò ẹ̀ tó pé nìyẹn. Supercharger sì ń fún afẹ́fẹ́ lé e lórí. Téèyàn bá ń wà á bẹ́ẹ̀ lọ, piston á lu. Àti pé nọ́ńbà yẹn máa ń tan èèyàn jẹ o! Ohun tí wọ́n bá kà sí 91 lápá ibí, 87 ni pọ́ǹpù Amẹ́ríkà máa pè é. Ìṣirò wọn ò dọ́gba. Ọkùnrin yẹn ní kí n so fóònù mọ́ ọkọ̀, kí n wà á, kí n fi ohun tó bá kọ ránṣẹ́. Mo jókòó sẹ́yìn sítíárín ní Ìgbógbó, ẹnì kan ń tún ẹ́ńjìnnì mi ṣe láti Texas.

BÍSÍ: Iye agbára tó kù?

LÁŃRE: ...Ó kù díẹ̀.

BÍSÍ: Ẹ sọ iye.

LÁŃRE: Ó ti padà sí bó ṣe wà kí wọ́n tó gbé supercharger lé e.

BÍSÍ: (ẹ̀rín) Ẹ wá gbé supercharger la òkun kọjá bí ẹrù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé! Mẹkáníìkì Sábó ńkọ́? Ẹ sọ ti mẹkáníìkì.

LÁŃRE: Mi ò sọ.

BÍSÍ: Èmi máa sọ. Ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ó dákẹ́, ó pe àwọn ọmọṣẹ́ ẹ̀ kí wọ́n wá wo nǹkan. Ó wọ abẹ́ ẹ̀, ó jáde, ó ní «Ẹ̀gbọ́n, mẹkáníìkì wo ló yọ kátálíìsì yín tà?» Ó ti gbà pé olè ni wọ́n!

LÁŃRE: Èyí tó sọ tẹ̀lé e ló dùn mí. Ó fara balẹ̀, ó mú ọwọ́ mi, ó ní «Ẹ jẹ́ ká yọ wàhálà yìí, ká wá ẹ́ńjìnnì Camry kan sí i. Ẹ máa gbádùn ara yín.» Camry! Nínú Mustang! Ó yẹ kí wọ́n tì í mọ́lé.

BÍSÍ: Ó mọ ohun tó ń sọ. Clutch yẹn nìkan, ẹ wo bẹ́ ẹ ṣe ń tiro.

LÁŃRE: Láti èbúté Tin Can ni. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, clutch tó le bí òkúta, wákàtí márùn-ún. Nígbà tí mo dé Mile 12, ẹsẹ̀ òsì mi ti ń gbọ̀n fúnra ẹ̀. Bọ́ọ̀sì BRT ń kọjá lọ́nà tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, gbogbo wọn dojú fóònù kọ mí láti òkè. Obìnrin kan ń jẹ gúgúrú, ó ń wò mí.

BÍSÍ: Ṣé ẹ fẹ́ gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀? Kí wọ́n lè rí yín lẹ ṣe rà á. Ọkọ̀ ọmọdé ni, ẹ̀yin sì ti dàgbà.

LÁŃRE: Fún ọmọdé ni wọ́n ṣe irú ẹ̀ lóòótọ́! 1964, iléeṣẹ́ Pontiac mú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá, wọ́n gbé e sínú èyí tí kò tó o, wọ́n pè é ní GTO, àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ya lù ú. Oṣù kẹrin ọdún yẹn náà ni Mustang jáde.

BÍSÍ: 1964. Ó yẹ kí wọ́n máa kí òun náà ní Dádì.

LÁŃRE: (ẹ̀rín) Kú ìnira ẹ. Rárá, gbọ́. Kí wọ́n lè rí mi kọ́. Bàbá onígbàjámọ̀ kan wà ní Sábó tí bàbá mi máa ń mú mi lọ bá. Kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri ẹ̀, ọdún ẹ̀ ti kọjá tipẹ́tipẹ́, kò yọ ọ́. Mustang pupa ló wà lórí ẹ̀. Òun ni mo máa ń tẹjú mọ́ tí abẹ bá ń kọjá létí mi, kí n má baà sunkún. Mo rí ẹṣin kékeré yẹn níwájú ẹ̀. Mo rò pé ẹṣin yẹn ló ń fà á.

BÍSÍ: Ẹ ò sọ èyí fún mi rí.

LÁŃRE: Mo gbé e kọjá ibẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. POS ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ báyìí. Mo rọra tẹ̀ ẹ́ kó dún. Ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ ń ka owó, kò gbójú sókè.

BÍSÍ: Ó dáa. Mo mú «ọkọ̀ ọmọdé» kúrò.

LÁŃRE: Ṣéun.

BÍSÍ: Mo fi «Dádì» sílẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n wà á lẹ́ẹ̀kan, dé Èbúté péré, ká lọ jẹ ìkọ́kọrẹ́ ká sì padà.

LÁŃRE: Ìwọ tó ń wà áótòmátíìkì ní Manchester?

BÍSÍ: Ẹ̀yin ò sì lẹ́sẹ̀ òsì mọ́. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá.

LÁŃRE: Ìta ló wà, jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó bóyá... Ẹ dúró. Kí nìyẹn? Mọ́mì! Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ sá sórí bónẹ́ẹ̀tì? ... Mo mọ̀ pé ó gbóná dáadáa, ẹ́ńjìnnì ni, ó yẹ kó gbóná. ... Kì í ṣe pé kò wúlò, Mọ́mì. ... Pẹ́ńtì ni, pẹ́ńtì ẹ̀ máa họ! ... Bísí, má rẹ́rìn-ín, gbohùngbohùn ṣì ń ṣiṣẹ́.

BÍSÍ: Ṣé iṣu gbígbẹ ni?

LÁŃRE: Èlùbọ́ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Láti iwájú dé òkè orí ẹ̀.

BÍSÍ: Mọ́mì! Ẹ bá mi yọ kóńgò méjì sọ́tọ̀ tẹ́ ẹ bá lọ̀ ọ́ tán, mò ń gbé e lọ!