Ẹni Tó Jókòó Ti Aláìsàn

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi nínú ọkọ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ìkòkò ọbẹ̀. Manchester ni mò ń gbé, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, àmọ́ Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ òní ti wá.

Nígbà tí ara ìyá mi ò yá, mo lọ dúró tì wọ́n nílé ìwòsàn kan níbẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru ti mú omi gbẹ lára wọn. Ẹ mọ bó ṣe ń rí nílé: ẹ ó sanwó káàdì, ẹ ó sáré lọ ra oògùn àti abẹ́rẹ́ níta, ẹ ó tún padà wá tò. Nọ́ọ̀sì ò pọ̀ ní wọ́ọ̀dù, ọ̀pọ̀ ti jápa.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kù wá láti fa omi sí màmá lára. Iṣan ò yọ. Kò tíì fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kó ọwọ́ màmá sínú ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì, ó ń rọra fi pa á kó lè móoru. "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Wọ́n ní Bódìjà lẹ ti ń ta ata. Èló ni apẹ̀rẹ̀ tàtàṣé báyìí, màmá?" Ìyá mi tí kò la ẹnu láti àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí owó ọkọ̀ láti Òkè Ọya ṣe sọ ata di ọ̀wọ́n. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ débi owó tí àwọn alárọ̀bọ̀ ń gbà, abẹ́rẹ́ ti wọlé.

Àwọn kan máa ń sọ pé àánú ń fi àkókò ṣòfò. Rárá o. Ọwọ́ tó bá móoru, iṣan rẹ̀ a máa yọ. Ẹni tọ́kàn rẹ̀ bá balẹ̀ kì í já ọwọ́ gbà. Ìtọ́jú gan-an nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà kan dúró síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó fi gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé àìsàn màmá fún àwọn tó tẹ̀ lé e, ó kọjá lọ. Màmá wò mí lójú. "Kí ló ní ó ń ṣe mí?" Inú bí mi, kò sì tíì tán nínú mi.

Àwọn àgbà iṣẹ́ wa kúkú ti fi ọ̀nà hàn wá. Ní Aro, l'Ábẹ́òkúta, láti ọdún 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ń fi àwọn tó ní àrùn ọpọlọ wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, mọ̀lẹ́bí kan á sì bá aláìsàn wá. Wọ́n á gba ìtọ́jú, wọ́n á padà sáàárín èèyàn. Ìbàdàn ni wọ́n ti wá ń kọ́ni ní yunifásítì lẹ́yìn náà.

Ẹ wá wo àwọn ẹbí tó ń tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ń lé bí ẹni lé ewúrẹ́. Àwọn ló mọ ẹni tí kò jẹun, ẹni tí kò rí ìtọ̀ tọ̀ láti òru. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ wà, oògùn wà, arúgbó a sì máa wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bi í pé báwo ni. Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ fún àwọn ẹbí yẹn ní bẹ́ǹṣì àti omi ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin tí a jọ wà lókè òkun, tí ẹ bá ń fowó ìtọ́jú ránṣẹ́ sílé, ẹ bèèrè ẹni tó máa sùn tì wọ́n, kí ẹ fi owó oúnjẹ ẹni yẹn kún un.